Orúnkún Ìdíátù Lórí Àtẹ̀gùn

Láti ìgbà tí Ìdíátù ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ń tẹ máṣíìnì ìránṣọ ní Ìkòtún, títí orúnkún fi gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 2009, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Hamdalah, ló ń gbé, lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìgándò. Bí Hamdalah àti Mùtíù ọkọ rẹ̀ bá ti lọ síbi iṣẹ́, Ìdíátù á máa tọ́jú Zikrullah, ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó.

Ó fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn, ẹ̀rù sì ń bà á kí wọ́n má gbà á lọ́wọ́ òun. Nítorí náà, nígbà tó ṣubú ní balùwẹ̀ tí apá rẹ̀ wú, ó ní ilẹ̀kùn ló gbá òun. Nígbà tó tún ṣubú lẹ́yìnkùlé, kò sọ nǹkan kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ojú ọ̀run sì tún ti ń ṣú. Aṣọ ọmọ wà lórí okùn nísàlẹ̀. Ìdíátù pọn Zikrullah, ó fi ọ̀já dì í, ó bọ́ sórí àtẹ̀gùn. Irin tí wọ́n máa ń dì mú ti já lápá ìsàlẹ̀. Láńlọ́ọ̀dù ń ṣèlérí pé òun á tún un ṣe. Níbi tí irin náà parí sí gan-an ni orúnkún ọ̀tún yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Kò dùn ún. Ó kàn dà bíi pé kò sí ẹsẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó bá etí irin, ó rọ̀ mọ́ ọn. Ọmọ ń mira lẹ́yìn, ó ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí òun bá ṣubú síwájú, orí ni òun máa fi gúnlẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn, ọmọ ló máa wà lábẹ́ òun.

“Ìyá Ayọ̀,” ó pè.

Matilda, ìyá Ayọ̀, aládùúgbò wọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, ló ń gbé nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìdíátù tún pè. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń yọ̀ lára irin. Ó rò ó kí òun tú ọ̀já, ó sì rí i pé ọwọ́ kan kò lè ṣe é. Zikrullah bú sẹ́kún.

Ẹkún yẹn ni Matilda gbọ́. Ó yọjú, ó rí wọn, ó sì ju abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò pariwo. Ó sáré gun àtẹ̀gùn lẹ́sẹ̀ lásán, ó fi èjìká gbé àyà ìyá náà ró.

“Ẹ má mira, Mà. Mo ti mú yín.”

Ó kọ́kọ́ tú ọmọ, ó gbé e sápá kan, lẹ́yìn náà ló rọra mú Ìdíátù jókòó.

Nígbà tí èémí Ìdíátù wálẹ̀, ó di ọwọ́ Matilda mú. “Ìyá Ayọ̀, jọ̀ọ́, má sọ fún Hamdalah.”

Matilda ń wo ọmọ náà. “N ò ní sọ lónìí, Mà. Ẹ̀yin lẹ máa sọ. Tó bá dọ̀la tẹ́ ò tíì sọ, èmi á sọ ọ́.”

Nírọ̀lẹ́, Ìdíátù sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti balùwẹ̀ àti ti ẹ̀yìnkùlé. Hamdalah gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

“Màámi, ẹ mọ̀ pé ẹ̀ ń ṣubú, ẹ sì tún ń pọ̀n ọ́n?”

“Mo mọ̀.”

Ní ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò orúnkún náà. Eegun rírọ̀ tó wà láàárín oríkèé rẹ̀ ti gbó. Akínlẹ́yẹ, ẹni tó ń kọ́ àwọn aláìsàn bí wọ́n ṣe máa lo ara wọn, ní kó fi ẹsẹ̀ kan dúró. Ẹsẹ̀ kejì kò tíì kúrò nílẹ̀ dáadáa tó fi gbá apá ọkùnrin náà mú.

“Ẹ ti ń sá fún ìrora, Mà, ẹ kì í lo ẹsẹ̀ yẹn dáadáa, iṣan itan yín ti wá rọ̀,” ló sọ. “Bí orúnkún bá yẹ̀, kò sóhun tó máa gbé yín dúró. Iṣan náà ṣì lè le. Ṣùgbọ́n ẹ má pọn ọmọ mọ́.”

Ọ̀rọ̀ ìparí yẹn ló pa á lẹ́kún nínú ọkọ̀ títí wọ́n fi délé.

Mùtíù kò dúró de láńlọ́ọ̀dù; ó pe jórin-jórin kó wá tún irin àtẹ̀gùn ṣe. Hamdalah ń gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ Matilda. Lójoojúmọ́ ni Ìdíátù ń dìde lórí àga tó tún ń jókòó, tìbínú-tìbínú, tó ń bú Akínlẹ́yẹ sínú. Orúnkún ò yé dùn ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó lè dúró nídìí sítóòfù láìfara ti ògiri, wọ́n sì dá Zikrullah padà fún un, kó máa tọ́jú rẹ̀ lórí ẹní nìkan.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ọmọ náà rákò yí i ká, ó fa aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó fẹ́ kó pọn òun. Ìdíátù fà á wá síwájú, ó gbé e lé itan, kò sì dìde.