Sátidé Tí Ìwé Ìjọba Fún Wa

Ayé alágbádá nìyẹn, àwọn ṣọ́jà ò tíì padà gbàjọba. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé mẹ́wàá tán, èsì mi ò tíì jáde, ṣùgbọ́n mo ti ń rìn bíi lọ́yà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí bí mo ṣe bọ́ sínú ìjà ará ìlú, ẹnu mi tó ju ọgbọ́n mi lọ ló fà á.

Ìyá Rábì, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló tọ́ mi. Aláró ni, ní Ìtòkú. Ọrọọrún la máa ń ná ọjà àdìrẹ wa, ìyẹn ọjọ́ márùn-márùn-ún bí àwọn àgbà ṣe ń kà á, kò sí ọjọ́ tí kò lè bọ́ sí nínú ọ̀sẹ̀. Àwọn oníbàárà láti Ìbàdàn títí dé Kútọnu mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àfi iléeṣẹ́ ìjọba tó ń pe òyìnbó wá wo Nàìjíríà. Wọ́n tẹ ìwé kan fún àwọn àlejò, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo Sátidé ni ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta.

Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ní kí àwọn aláró múra sílẹ̀, òyìnbó ń bọ̀. Ìyá Rábì rẹ aṣọ kún yàrá, a ò ríbi sùn. Sátidé pé, bọ́ọ̀sì dé. Ewúrẹ́ nìkan ni àwọn òyìnbó bá lórí àtẹ. Wọ́n ya fọ́tò ewúrẹ́, wọ́n gun Olúmọ, wọ́n padà sí Èkó. Bó ṣe ń lọ nìyẹn fún oṣù mélòó kan, àfi Sátidé tí ọjà bá ṣèèṣì bọ́ sí.

Àwọn obìnrin aláró bá gba ọ́fíìsì iléeṣẹ́ náà ní Òkè-Ìléwó lọ, wọ́n fi mí ṣe agbẹnusọ. Mo tú gbogbo gèésì tí mo há sórí sílẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ wò mí títí mo fi ṣe tán.

"Ọmọ, Ẹ̀gbá lèmi náà. Sọ Yorùbá."

Àwọn obìnrin mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ṣe mí bíi kí n wọlẹ̀.

Ìyá Rábì bọ́ síwájú. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ bá wa tún ọjọ́ ọjà inú ìwé yín ṣe."

"Ìwé ti dé Lọ́ńdọ̀nù, màmá. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ọjà di Sátidé."

"Ará Kútọnu ń kó ẹrù, òyìnbó ń ra ẹyọ kan. Ta lẹ ní kí n lé?"

"Àṣẹ ti wá láti òkè."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin kó àdìrẹ tútù wá, wọ́n sá a yí ọgbà ọ́fíìsì náà po. Aró ń kán tó-tó-tó. Ìyá Rábì ń kígbe: "Sátidé rèé, ọjà rèé! Àwọn àlejò yín dà?"

Ọlọ́pàá ló dé. Wọ́n fa aṣọ sínú gọ́tà, wọ́n fi bàtà tẹ̀ ẹ́, wọ́n na àwọn obìnrin. Èmi agbẹnusọ fẹ́ sá. Ṣòkòtò mi tẹ́nu rẹ̀ fẹ̀ bí agbòòrùn kọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo ṣubú lu sájẹ́ńtì. Wọ́n ní mo kọlu ọlọ́pàá. Àtìmọ́lé ni mo sùn. Ibẹ̀ ni Ìyá Rábì náà sùn, apá rẹ̀ kan ti yẹ̀.

Kí la rí gbà? Wọ́n tún ìwé náà tẹ̀. Wọ́n yọ Sátidé kúrò. Wọ́n yọ ọjà wa náà kúrò. Àwọn aláró kan sì ti fi ìbẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà ní Sátidé, ọjà pín sí méjì. Ará Kútọnu dé, ó bá ìdajì, kò padà wá mọ́. Títí dòní, mo ṣì ń retí kẹ́nì kan láti iléeṣẹ́ yẹn wá dúró ní Ìtòkú lọ́jọ́ ọjà, kó ní, "Àwa la ṣe àṣìṣe."

Ìyá Rábì ò lè dúró dè é. Apá yẹn ò lè fún aṣọ mọ́, ó dojú ìkòkò aró dé. Àwọn obìnrin tó wẹ òkú rẹ̀ sọ fún mi pé kò sí aró kankan mọ́ lábẹ́ èékánná rẹ̀.