Gàfárù àti Ọkùnrin Tí Kò Wọ Rélùwéè

Ní ọdún 1979, ìwé dídì ni Gàfárù fi ń jẹun ní ìsàlẹ̀ òkè Màpó. Bíbélì tó ti fàya, Kùránì tí èèpo rẹ̀ ti ṣí, gbogbo rẹ̀ ló ń dé ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, á wúkọ́, á ní, "Ìdí ìwé la wà." Ó fẹ́ kí wọ́n rò pé òun ló ń kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀, ìwé mẹ́fà péré ló kà, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì fìdí rẹmi kó tó yege.

Lọ́jọ́ kan, Arábìnrin Títílayọ̀, olùkọ́ ní yunifásítì, gbé ìwé ìtàn kan wá pé kó bá òun dì í. Òyìnbó Faransé ló kọ ọ́, wọ́n ti yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Gàfárù ṣí i wò, kò sì lè gbé e sílẹ̀ mọ́. Ọkùnrin inú ìwé náà a máa lọ sí ìdíkọ̀ rélùwéè láràárọ̀. Á ra tíkẹ́ẹ̀tì, á jókòó, rélùwéè á dé, kò ní wọ̀ ọ́. Ó ní kò sí ibi tó sàn ju ibì kan lọ, pé kò sẹ́ni tó rán ènìyàn wáyé, oníkálukú ni yóò yan ohun tó wá ṣe.

Gàfárù ròyìn rẹ̀ fún àwọn aládùúgbò. Samuel tó ń tún rédíò ṣe, ọmọ ìjọ Aládùúrà, mi orí.

"Ẹ̀mí àìmọ́ ló dè é mọ́ bẹ́ǹṣì. Kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, yóò wọ rélùwéè."

Alhaji Sàláúdéènì, àgbà tó ń rán fìlà níwájú ṣọ́ọ̀bù, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́. "Ẹni tó ní kò sẹ́ni tó rán òun wáyé, ṣé òun ló bí ara rẹ̀ ni?"

Nígbà tí Gàfárù délé, tó sọ ọ́ fún Àtọ́kẹ́ ìyàwó rẹ̀, ìyẹn bi í pé, "Ó láya?"

"Rárá."

"Ó bímọ?"

"Rárá."

"Hẹn-ẹ́n. Ó ti yé mi."

"Ìjìnlẹ̀ ni," ni Gàfárù wí. "Kò lè tètè yé yín." Òun alára, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń ka ojú ewé kan kó tó rí nǹkan dì mú níbẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, ó ní òun yóò dán ọ̀rọ̀ ọkùnrin inú ìwé náà wò. Ó bọ́ sí Bẹẹrẹ, ó wọ táksí kan tó ṣófo.

"Níbo lẹ ń lọ?"

"Ibikíbi." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀rù ń bà á pé dírẹ́bà lè lù ú. "Kò sí ibi tó sàn ju ibì kan lọ."

Dírẹ́bà wo ojú rẹ̀ nínú dígí, àánú ṣe é. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Bó ṣe ṣe èmi náà nìyẹn nígbà tí ìyàwó mi ń rọbí àkọ́bí wa." Eré ló fi gbé e, ó di ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí ní Yemẹtu. "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ!" Kò tilẹ̀ gbowó.

Gàfárù dúró bí òpó. Kò tíì mọ ohun tí yóò yàn tí ìyá àgbà kan fi gbé fláàsì omi gbígbóná lé e lọ́wọ́: "Ọmọ mi, bá mi mú un." Ó tẹ̀lé e wọlé. Nọ́ọ̀sì kan rí i pẹ̀lú ẹrù, ó gba fláàsì, ó fa ìkókó lé e lọ́wọ́. "Ẹ kú oríire, ọkùnrin ni!" Kó tó lanu, ọmọ náà ti tọ̀ sí i láṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni Comfort, ẹni tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àtọ́kẹ́ ní Ọjà'ba, tó wá kí ará rẹ̀ kan, kọjá. Ó wò ó, ó wo ọmọ, kò kí i.

Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé ilé wọn l'Ọ́rányàn.

"Bàbá Sẹ̀gilọlá," ni Àtọ́kẹ́ bi í, "ọmọ ta lẹ gbé ní Yemẹtu?"

"Ìwé ló fà á."

"Ìwé ló lóyún?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣàlàyé, èyí tó kẹ́yìn ló burú jù. Lọ́jọ́ kejì, Àtọ́kẹ́ fà á padà lọ síbẹ̀. Ìyá àgbà ló gbà á sílẹ̀. "Áà, ọkùnrin tó bá mi gbé omi! Orí rẹ̀ dà bí ẹni pé kò pé díẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn dáadáa ni." Àtọ́kẹ́ rẹ́rìn-ín délé. Ó sì ti ìwé náà mọ́nú àpótí títí ẹni tó ni ín fi dé.

"Ṣé ẹ kà á?" ni Arábìnrin Títílayọ̀ bi í. "Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jà nítorí ẹ̀. Àwọn kan ní akọni lọkùnrin yẹn, àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Kí lẹ̀yin rí sí i?"

Gàfárù wúkọ́. Alhaji ń wò ó, Samuel ń wò ó, ó sì ku ogún ojú ewé tí kò kà.

"Mà, ó kù díẹ̀ kó yé mi. Ṣé ó padà wọ rélùwéè?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó fi ìwé sílẹ̀ fún un fún ọjọ́ méjì sí i. Àtọ́kẹ́ gbà, bí ó bá ti lè jẹ́ pé inú ilé ni yóò ti kà á, lójú òun.