Ìlà Tí Mo Sún Wọlé

Mi ò fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni máa tọ́ mi sọ́nà, pàápàá ẹ̀rọ. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá ní bọ́tìnì ẹ̀wù mi ti já, màá kọ́kọ́ jiyàn ná kí n tó wò ó. Kò purọ́ mọ́ mi. Ìwà yẹn ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ló jẹ ìyà rẹ̀.

Mo kọ ètò kọ̀ǹpútà kan fún ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbà. Bí èsì àyẹ̀wò aláìsàn bá ti jáde, ètò náà á fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ pé kó wá. Bí mẹ́sééjì bá dé, ètò á kọ àkókò tó dé, á sì fi àmì sí i pé aláìsàn ti gbọ́. Bí kò bá dé, orúkọ aláìsàn náà á wà lójú kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí akọ̀wé ilé ìwòsàn lè wá a kàn. Akọ̀wé yìí, obìnrin kan tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ìyá ọlọ́mọ méjì, kì í fi iṣẹ́ náà ṣeré. Mo ti rí i tó gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀tọ̀-Àwórì nítorí aláìsàn kan ṣoṣo tí fóònù rẹ̀ kò lọ.

Nínú èdè kóòdù tí mo ń lò, bí èèyàn bá kọ ọ́ pé “bí mẹ́sééjì bá dé,” ìlà kan ṣoṣo tó tẹ̀ lé e ni gbólóhùn yẹn máa ń dè. Ẹni tó bá fẹ́ kó de ìlà méjì gbọ́dọ̀ fi àmì àkámọ́ ká wọn mọ́ra. Èmi ò fi àkámọ́ kankan sí i. Mo kàn sún ìlà méjèèjì wọlé díẹ̀, wọ́n tò gún régé, ẹni tó bá wò ó á ní abẹ́ gbólóhùn kan náà ni wọ́n wà. Ojú èèyàn nìkan nìyẹn lè tàn, kọ̀ǹpútà kì í wo bí ìlà ṣe tò. Ìlà àkọ́kọ́, èyí tó ń kọ àkókò, nìkan ni gbólóhùn yẹn dè; ìlà kejì, èyí tó ń fi àmì sí i pé aláìsàn ti gbọ́, ń dá ṣiṣẹ́ tirẹ̀, bí mẹ́sééjì dé o, bí kò dé o.

Ètò mìíràn wà tí àwa tí à ń kọ kóòdù fi máa ń yẹ ìtò kóòdù wa wò. Ó rí i. Ó fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀, ó ní bí ibẹ̀ ṣe rí lójú kọ́ ló ṣe máa ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti fa ìlà pupa sábẹ́ nǹkan bí ogójì mìíràn pẹ̀lú: àlàfo pọ̀ jù níbí, ìlà gùn jù lọ́hùn-ún, bí ìyá ọkọ tí kò sí ọbẹ̀ tó dùn lẹ́nu rẹ̀. Inú bí mi. Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan wà tí èèyàn lè kọ sókè fáìlì láti fi pa á lẹ́nu mọ́. Mo kọ ọ́, ìlà pupa pòórá, mo sì lọ jẹun.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta òkìrìkà ní Òkòkómáíkò wá ṣàyẹ̀wò nítorí egbò ẹsẹ̀ wọn tí kò jinná. Èsì ní ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Fóònù wọn ti jábọ́ sínú omi, mẹ́sééjì kò dé, ṣùgbọ́n ètò mi ní wọ́n ti gbọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Ìyá fi ń fomi gbígbóná wẹ egbò, wọ́n rò pé bí nǹkan bá burú, ilé ìwòsàn á wá àwọn wá. Nígbà tí ọmọ wọn fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn ńlá, ìka ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n gé.

Dókítà tó ni ilé ìwòsàn Ìbà pe gbogbo wa sí ọ́fíìsì rẹ̀: Ìyá, ọmọ wọn obìnrin, nọ́ọ̀sì àgbà, akọ̀wé, àti èmi. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí wa. Àmì wà níwájú orúkọ Ìyá pé wọ́n ti gbọ́, orúkọ akọ̀wé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà, nítorí orúkọ ẹni tó bá wà lórí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà ni ètò mi máa ń kọ síbẹ̀.

“Sà, mi ò fi àmì kankan síbẹ̀,” ni akọ̀wé wí. “Orúkọ wọn ò jáde fún mi rárá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.”

“Màmá mi ò lè wọ bàtà mọ́,” ni ọmọ Ìyá dá a lóhùn, “o wá dúró, ò ń rojọ́ fún wa?”

Nọ́ọ̀sì àgbà fọwọ́ kan akọ̀wé léjìká. “Kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná, jàre. Bẹ Màmá. Tí ọkàn wọn bá rọ̀, wàá ṣàlàyé.”

Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Bí àgbà bá ń bínú, a kì í dúró gbagidi rojọ́ níwájú rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ló ń ṣáájú, àlàyé á tẹ̀ lé e. Ẹni tó bẹ̀bẹ̀ kò tíì sọ pé òun jẹ̀bi, ó kàn bọ̀wọ̀ fún ìrora ẹni tó ń bínú ni. Akọ̀wé fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, omi wà lójú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, Mà. Ẹ dárí jì mí.”

“Mo ti gbọ́,” ni Ìyá wí. “Dìde.”

Kò sẹ́ni tó tún rántí béèrè àlàyé. Kọ̀ǹpútà ni èmi ń wò. Àmì wà níwájú orúkọ Ìyá, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí àkókò tí mẹ́sééjì dé wà ṣófo. Èmi ni mo kọ ọ́, mo mọ̀ pé ohun méjèèjì kò gbọdọ̀ ya ara wọn. Kí obìnrin yẹn tó dìde nílẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Dókítà bi mí bóyá nǹkan ṣe sísítẹ́ẹ̀mù. Mo ní, “Màá yẹ̀ ẹ́ wò, sà.”

Mo délé, mo yọ ọ̀rọ̀ tí mo fi pa ètò tó ń yẹ kóòdù wò lẹ́nu mọ́ kúrò, ìlà pupa sì yọ lójú ẹsẹ̀. Àkámọ́ ni mo fi tún un ṣe, kò gbà mí ní ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Mo ń tan ara mi pé ọ̀rọ̀ ti parí, ó ti bẹ̀bẹ̀, Ìyá ti gbà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé dókítà ń júwe mi fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní ilé ìwòsàn, n kò sì fẹ́ kí iyì mi wọmi. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ìgbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ti lé akọ̀wé lẹ́nu iṣẹ́ ni mo tó lọ jẹ́wọ́ fún dókítà. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Ta ló ń kúnlẹ̀ fún ohun tí kò ṣe? Ṣebí gbogbo wa la wà níbẹ̀.” Ó ti gba ẹlòmíràn síṣẹ́. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni dókítà, ó mọ ìdí tí èèyàn fi ń kúnlẹ̀. Ó kàn rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti gbàgbé ni.

Mo wá akọ̀wé lọ sí Ìjànìkin. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo bá a, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo sọ gbogbo rẹ̀, kò gbójú sókè.

“Bọ̀ọ̀dá, lọ́jọ́ tí mo kúnlẹ̀ yẹn, ṣé ẹ ti mọ̀?”

Mo ní mo ti mọ̀.

Ó ṣa òkúta kan sọnù nínú ẹ̀wà. “Ẹ má bẹ̀ mí. Èmi mọ̀ pé mi ò ṣe é. Màmá yẹn ni kí ẹ lọ bá. Mi ò fẹ́ kí àgbà tó tó bí mi lọ́mọ máa fi ẹsẹ̀ wọn rántí mi.”

Mo lọ bá Ìyá nílé wọn. Mo ṣàlàyé kóòdù, mo ṣàlàyé ìlà, mo ní ọmọbìnrin yẹn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wọ́n tẹ́tí sí mi títí mo fi parí.

“Ọmọ dáadáa ni ẹ́,” ni wọ́n wí, “tí o fẹ́ bá a ru ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti dárí jì í tipẹ́. Àràárọ̀ ni mo ń gbàdúrà fún un, pé kí Ọlọ́run jẹ́ kó máa fọkàn sí iṣẹ́. Bá mi sọ fún un kó fọkàn balẹ̀.”

Mo tún ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, títí ọmọ wọn fi jáde wá pé kí n jẹ́ kí Màmá sinmi.

Ní Sátidé, akọ̀wé pè mí lórí fóònù. Ó bi mí bóyá mo ti rí Màmá. Mo ní mo ti rí wọn. Ó ní kí ni wọ́n wí.

Mo ní wọ́n ní kí n kí i.