Orúkọ Márùn-ún, Orí Mẹ́rin

Láyé ìjọba ológun, àṣẹ tuntun ń já lu àṣẹ àná. Lóyà tó bá sùn lọ, ọjọ́ tó bá jí, òfin tó mọ̀ ti di nǹkan mìíràn. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ àwa lóyà agbègbè wa fi ní ká máa pàdé ní Òṣogbo lóṣooṣù láti gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá wá á kọ orúkọ sínú ìwé. Tí ọdún bá parí, tí wákàtí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ kò bá pé, wọ́n á yọ orúkọ rẹ kúrò lẹ́gbẹ́.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ní ọ́fíìsì ní Ẹdẹ. Nígbà tí ìlú le, tí oníbàárà ò yọjú mọ́, ó gba òkè òkun lọ.

"Oṣù mẹ́fà péré," ló wí. "Má jẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ mi o."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti kọ orúkọ mi tán, màá kọ tirẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ọdún kìíní, lẹ́tà rẹ̀ ń dé dáadáa. Ọdún kejì, ó ku káàdì Kérésì. Ọdún kẹta, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n mò ń kọ orúkọ lọ.

Lóṣù kan, kò sí epo. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó iṣu bọ̀ láti ìlú Ara ló gbé mi dé Òṣogbo, tèmi ti erùpẹ̀ lára kóòtù ọrùn mi. Àwa mẹ́rin péré la wá. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára. Mo kọ orúkọ méjèèjì.

Alága wa, àgbà lóyà, gba ìwé náà, wọ́n wò ó, wọ́n tún wò wá.

"Orúkọ márùn-ún. Orí mẹ́rin. Ta ni ànjọ̀nú nínú yín?"

Obìnrin lóyà kan láti ìlú Awo ní, "Bàbá, ẹ wo abẹ́ tábìlì. Bí ebi ṣe ń pa lóyà lásìkò yìí, ó lè ti tín-ín-rín débi tí a ò fi rí i."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ọ́, sà. Ọ̀rẹ́ mi tó lọ òkè òkun ni. Ó ń bọ̀."

"Ìgbà wo?"

Èmi tí mo máa ń bi ẹlẹ́rìí léèrè títí á fi làágùn, èmi ni mo wá ń gbọn erùpẹ̀ kúrò lára kóòtù mi.

Bàbá ò bínú. Ká ní wọ́n bínú ni, ì bá sàn fún mi. Wọ́n ní ọmọ tiwọn náà wà lókè òkun lọ́hùn-ún. Wọ́n ti ìwé náà sọ́dọ̀ mi: "Ìwọ lo kọ ọ́. N kò ní bá ọ pa á rẹ́."

Mo fa ìlà gba orí orúkọ rẹ̀ kọjá.

Mo kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ mi pé orúkọ rẹ̀ ti kúrò, pé èmi ni mo yọ ọ́, kó má bínú. Èsì rẹ̀ dé lẹ́yìn oṣù méjì, ìlà kan péré: "O ṣeun. N kò mọ bí mo ṣe máa sọ fún ọ pé n kò bọ̀ mọ́."

Mo kà á lórí ìdúró. Mo ní ẹjọ́ ilẹ̀ kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo wọ kóòtù mi, mo lọ.