Ẹgbẹ́ Sójà Tí Kì Í Bá Ara Wọn Jiyàn

Ìyá Ìbéèrè ni àwọn sójà ń pe obìnrin kan, kò sì bínú sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ní bárékè ni kó máa wọn ìfaradà àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun: bí ìyà bá jẹ wọ́n, ṣé wọ́n á tú ká bí ìgbálẹ̀ tí okùn rẹ̀ já ni, àbí wọ́n á tún ara wọn kó jọ? Yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ìbọn: tábìlì kan, àga méjì, fèrèsé tí kì í ṣí tán. Sójà á wọlé, á jókòó gbọnrangandan bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.

"Ẹ kì í bínú síra yín?"

"Ká bínú ṣe kí ni, mà? Ọmọ ìyá kan náà ni wá."

Bí ẹgbẹ́ Sájẹ́ńtì Jẹ́jẹ́ ṣe ń dáhùn nìyẹn, ẹnì kan ò yàtọ̀. Ẹgbẹ́ Sájẹ́ńtì Aláriwo ní tiwọn ń jà lórí ọṣẹ, wọ́n ń jà lórí ẹni tó ń hanrun. Ó fún ẹgbẹ́ Jẹ́jẹ́ ní máàkì tó ga jù, ó fi ẹgbẹ́ Aláriwo sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

Nígbà tí òjò dé, wọ́n kó ẹgbẹ́ méjèèjì lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi okùn sọdá odò. Obìnrin náà dúró létí omi pẹ̀lú agbòjò rẹ̀. Ẹgbẹ́ Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ bọ́ sómi. Okùn já sí méjì. Wọ́n rí gbogbo wọn fà jáde, ṣùgbọ́n ọ̀kan kán lápá. Wọ́n jókòó sílẹ̀, kálukú kọjú síbi tó wù ú.

Lọ́jọ́ kejì, kí Aláriwo tó so okùn tirẹ̀ mọ́ igi tán ni sójà kan ti pariwo:

"Sájẹ́ńtì, igi yẹn ò dáa!"

Wọ́n jiyàn, wọ́n sì wá igi mìíràn. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sọdá, omi gbé oúnjẹ wọn lọ.

"Èmi ni mo di ẹrù yẹn," ni ọ̀kan wí. "Ẹ bú mi tán ká máa lọ."

Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n bú u dáadáa, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ebi rìn délé.

Obìnrin náà tọ ọ̀gágun tó ń ṣàkóso bárékè lọ. "Sà, òdìkejì ni mo wọ̀n. Àwọn tó ń jiyàn ló lè fara dà á."

"Ṣé kí n wá máa kọ́ sójà ní ìjà abẹ́lé ni?"

"Rárá, sà. Kí wọ́n ṣáà lè sọ̀rọ̀."

Ọ̀gágun ò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó gbà kó pe ẹgbẹ́ Jẹ́jẹ́ jọ. Wọ́n jókòó, ẹni tí apá rẹ̀ kán ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Mo rí okùn yẹn kó tó já. Ó ti ń tú."

"Èmi náà rí i," ni ẹlòmíì wí.

Jẹ́jẹ́ gbójú sókè. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Inú yín ń dùn lọ́jọ́ yẹn, sà. A ò fẹ́ bà á jẹ́."

Jẹ́jẹ́ dìde, ó jáde. Obìnrin náà rò pé ó ti parí nìyẹn. Àfi bó ṣe padà wọlé pẹ̀lú àga, tó gbé e sáàárín wọn, tó sì jókòó.

"Ẹ máa wí," ó ní. "Mò ń gbọ́."

Wọ́n wí i títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀kan nínú wọn ṣì kúrò lẹ́gbẹ́ náà. Àwọn tó kù tún padà sí odò. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbà lórí igi tí wọ́n máa so okùn mọ́, gbogbo wọn sì gúnlẹ̀ sí òdìkejì.