Orí Karùn-ún Tí Wọ́n Ní Kí N Yọ

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn kábọ̀n tuntun pẹ̀lú oje funfun tí a fi ń pa àṣìṣe rẹ́ lórí ìwé, inú á kọ́kọ́ bí mi kí n tó rántí ìdí rẹ̀. Ní Yaba ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé nígbà náà wà, yàrá kan ṣoṣo lórí òkè, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mẹ́ta, fèrèsé kan tó kọjú sí ẹ̀yìn ilé oníbúrẹ́dì. Mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì, mo kọ́ ìtẹ̀wé, mo lọ́kọ, mo bímọ, bí ayé ṣe ń sáré fún àwa obìnrin nìyẹn. Ọmọbìnrin mi kò tíì pé ọdún méjì, ikọ́ kan sì wà lára rẹ̀ tí kì í lọ. Bí mo bá ń tẹ̀wé lọ́wọ́, tó bá wúkọ́ lẹ́yìn mi, ìka mi á ṣi lẹ́tà tẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló pọ̀ jù nínú oníbàárà wa. Ká sọ òótọ́, àwa atẹ̀wé kì í ka ohun tí a ń tẹ̀. Ìka ló ń kà á, ọkàn á ti lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn, ẹ̀gbọ́n kan báyìí tó ń ṣe ìwádìí láti gba oyè ọ̀mọ̀wé, tí mo ka tirẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé bí o bá ní kí ènìyàn tún nǹkan ṣe, ohun tí yóò fi kún un ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Èrò pé kí ó yọ nǹkan kúrò kì í tètè wá, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi igi, sìmẹ́ńtì àti epo ṣòfò, tí a ń pè é ní ìlọsíwájú. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé kí ló pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo ilé ìdáná wa ní Àgùdà."

Ẹ̀yìnkùlé ilé tí a háyà ni ilé ìdáná náà wà, òpó mẹ́rin àti páànù lórí, àwa ìyá mẹ́fà la sì ń dáná níbẹ̀. Kẹrosíìnì wọ́n bí ojú lásìkò náà, ọ̀pọ̀ wa ló ti padà sídìí igi àti èédú. Ní ọdún kan ṣáájú, wọ́n jí ìkòkò ọbẹ̀ ẹnì kan gbé tọbẹ̀tọbẹ̀. Ni bàbá onílé bá kan pákó yí gbogbo rẹ̀ ká, ó fi ilẹ̀kùn sí i. Ibẹ̀ wá ṣókùnkùn, ó fi gílóòbù sí i. Èéfín kún un, ó dá ihò sí òrùlé, ó ki páìpù gígùn kan bọ̀ ọ́. Òjò ń gba ojú páìpù wọlé, ó dé fìlà páànù lé e. Fìlà ò jẹ́ kí èéfín jáde, ó ra fáànù. Ọ̀rá àti èéfín pa fáànù láàárín oṣù méjì. Nígbà tí mo ń sọ yìí, káfíńtà ló fẹ́ pè kó wá gbé òrùlé sókè. Ojú àwa tí a ń dáná ti pọ́n bí ata, ọmọ mi sì ń wúkọ́ bí àgbàlagbà tó ti ń fa sìgá láti kékeré.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n náà wá, bí bàbá onílé ṣe ń ṣàlàyé òrùlé tuntun fún un, ìyá kan wà lórí àpótí, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọṣẹ dúdú ló ń tà, òun ló sì dàgbà jù nínú gbogbo àyálégbé. Ó na ọwọ́ sí pákó.

"Bàbá onílé, ògiri yìí, iṣẹ́ kí ló ń ṣe?"

"Ìyá, nítorí olè ni."

"Olè wo? Ẹni tó gbé ìkòkò, ṣebí inú ilé yìí ló ń gbé? Ṣebí ẹ ti lé e jáde? Ta ni ògiri wá ń ṣọ́?"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Bàbá onílé ò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn obìnrin fẹ́ sọ ilé òun di ahoro. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bá a sọ ọ́, ó gbà, ó ní ká yọ ọ́, ohun tí ojú wa bá rí ká fara mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Sátidé kejì, a fa ìṣó yọ, a tú pákó ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, a sì fi wọ́n dáná. Afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ̀gbọ́n ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń wò, ó ń bi wá léèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kí oṣù kejì tó parí, ọmọ mi ń sun oorun àsùnjí.

Ọ̀rọ̀ wa ló di orí karùn-ún ìwé ẹ̀gbọ́n. Ó fi ìbéèrè ìyá náà síbẹ̀rẹ̀, ní Yorùbá gan-an, ó wá túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ìyá ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé ọ̀rọ̀ mi ti wọ ìwé?" Màá ní ó ti wọ̀ ọ́, mà. "Ojú ìwé kelòó?" Màá sọ fún un, á máa tún nọ́ńbà náà wí wọlé lọ bí orúkọ ọmọ tuntun.

Àfi bí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ṣe ní ìwé náà tín-ín-rín, kí ó fi kún un. Ó fi tábìlì nọ́ńbà kún un, mo tún un tẹ̀. Wọ́n ní kò tíì tó, ó lọ ṣa orúkọ àwọn òǹkọ̀wé òyìnbó wá, mo tún un tẹ̀. Ìwé tó ń kọ́ aráyé ní yíyọ ti wú débi tí ọmọdé lè jókòó lé e lórí! Nígbà kẹta, ó gbé e dé, wọ́n ti fi gègé pupa fa ìlà kọjá lórí gbogbo orí karùn-ún, láti igun dé igun.

Ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọ̀rọ̀ ilé ìdáná lásán ni. Wọ́n ní kí ni ohun tuntun tó wà níbẹ̀, pé ẹ ò ṣe nǹkan kan, ẹ kàn yọ ògiri ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ohun tí ìwé yín ń sọ gan-an nìyẹn?"

"Mo mọ̀, Àǹtí."

"Ṣé ẹ wá sọ fún wọn?"

Ó wo ilẹ̀. "Ọdún kẹfà mi rèé. Ẹ jẹ́ n gba oyè yìí ná."

Ẹni tí kò bá tẹ̀wé rí kò ní mọ ohun tó ń bọ̀. Yíyọ orí kan kò tán síbẹ̀. Orí kẹfà á di karùn-ún, nọ́ńbà ojú ìwé á yí, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ní "gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin ilé náà ti ṣe" ni mo gbọ́dọ̀ wá rí. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ń wá ara mi kiri inú ìwé yẹn. Ibi tí mo bá ti rí ara mi, màá fi oje funfun pa ara mi rẹ́, màá fi ẹnu fẹ́ ẹ kí ó gbẹ. Èmi tí mo gbé ọmọ pọ̀n. Mo sunkún, kì í ṣe ti àánú, ti ìbínú ni.

Nígbà tí ìyá tún bi mí léèrè, mi ò lè parọ́. "Wọ́n ti yọ ọ́, mà."

"Wọ́n ní kò dáa ni?"

"Wọ́n ní kì í ṣe iṣẹ́."

Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó gbé etí lé e lẹ́yìn, ó tẹ́tí sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. "Eléyìí ò wúkọ́ mọ́. Bí kì í bá ṣe iṣẹ́, kí wá ni?" Ó dá ọmọ padà fún mi, ó wọlé. Kò bi mí ní ojú ìwé kankan mọ́ láéláé, ìyẹn sì dùn mí ju èébú lọ.

Ojú ìwé tó kẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mú wá ni ti ìdúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó fi odidi ìdajì ojú ìwé kí ọ̀jọ̀gbọ́n, ó kí ìyàwó rẹ̀, ó kí ìjọ wọn. Nísàlẹ̀ pátápátá, ìlà kan: pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ atẹ̀wé òun fún sùúrù rẹ̀. Kò sí ìyá ọlọ́ṣẹ níbẹ̀, kò sí ẹnì kankan láti ilé wa. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ títí kan ìlà tó ṣáájú ìyẹn, mo dúró, mo fa bébà yọ.

Nígbà tó wá gbà á, ó rí i. "Àǹtí, ẹ fo ìlà kan."

"Mi ò fò ó. Mo yọ ọ́ ni."

"Kí ló dé?"

"Bí ìyá yẹn ò bá sí nínú rẹ̀, èmi náà ò ní sí níbẹ̀."

Ó ṣí bíírò rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kọ nǹkan, ó dé e padà. Ó di ìwé rẹ̀ mọ́ abíyá, ó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti ń pè é ní Dókítà báyìí, mo gbọ́. Mi ò ṣépè fún un, ọkàn rẹ̀ ò burú, ẹ̀rù ló bà á. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní nǹkan táwa obìnrin ṣe kì í ṣe iṣẹ́, ọjọ́ mẹ́rin yẹn ni mo máa ń rántí. Àwọn kan náà tí wọ́n ní yíyọ kì í ṣe iṣẹ́, mo rí bí wọ́n ṣe mọ èèyàn yọ tó nígbà tó kàn wá.