Àsíá Yáàdì Méjì Tí Mo Rán fún Ọkọ̀ Ìrànwọ́

Mo ń tú síìpù tó ti bàjẹ́ kúrò lára síkẹ́ẹ̀tì olùkọ́ kan nígbà tí rédíò ṣọ́ọ̀bù mi sọ pé àwọn ọmọ ogun ti yìnbọn lu ọkọ̀ ojú omi àwọn olè epo rọ̀bì ní apá etí òkun, àti pé wọ́n ti mú ẹni tó ń wà á. Mi ò gbé orí sókè. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun ní agbègbè wa. Síìpù náà ló gba ọkàn mi, nítorí ẹni tó kọ́kọ́ rán an ti fi òwú rán an mọ́ra bí ẹni tó ń di ẹrù.

Kò pẹ́ tí ìyàwó pásítọ̀ wa fi sáré wọlé. Kò tilẹ̀ kí mi.

"Ìyá Bùnmi, ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì ni! Ọkọ̀ ìrànwọ́ wa ni wọ́n yìnbọn lù!"

Mo ní, "Rédíò ní ọkọ̀ olè epo ni."

"Ṣé rédíò wà nínú ọkọ̀ náà ni?"

Bó ṣe sọ ọ́ náà ló rí. Ọta ìbọn gba èjìká Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́ kọjá, wọ́n sì ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn àpótí oògùn àti àpò ìrẹsì ti rì. Awakọ̀ tí rédíò ń sọ ni Ẹ̀gbọ́n Akin, ọmọ Ìlàjẹ kan tó ti ń gbé Òkìtìpupa láti ìgbà tí òkun ti gba ilé bàbá rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Kò jí epo rí. Kódà, ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀ kì í ní epo tó.

Ẹgbẹ́ ìrànwọ́ náà kò tóbi. Ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin ló dá a sílẹ̀ nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ará etí òkun kúrò nílé. Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ni olórí rẹ̀. Lóṣooṣù ni wọ́n máa ń kó oògùn ibà, ìrẹsì àti omi mímu lọ síbi tí mọ́tò kò lè dé. Èmi ò bá wọn lọ rí, nítorí omi ń kọ́ mi lóòyì. Aránṣọ ni mí. Ohun tí mo ṣe fún wọn kò ju pé mo rán àsíá ọkọ̀ wọn.

Nígbà tí mo jáde girama, mo lọ kọ́ṣẹ́ ní Ìlútítun lọ́dọ̀ obìnrin kan tí a ń pè ní Màmá Àjàgbà, torí pé Àjàgbà ni wọ́n ti bí i. Ọdún mẹ́rin ni mo lò. Kì í na ọmọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń wo ènìyàn. Ní ọdún kejì mi, mo gé apá aṣọ akọrin kan kúrú ní ínǹṣì méjì. Mo gbé e lọ bá a, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà."

Ó ní, "Ohun tí àlùmọ́gàjí bá gé, ẹ̀bẹ̀ kì í so ó pọ̀. Èmi kọ́ ló ni apá. Lọ bá ẹni tó ni ín."

Oníṣòwò epo pupa ni ọkùnrin náà, ó ga, ó sì sanra. Ó wo apá aṣọ náà, ó wò mí, ó sì gbé aṣọ náà lọ. Ṣùgbọ́n nígbà ìsìn Kérésìmesì, ẹ̀yìn ló káwọ́ sí kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láti ọjọ́ náà, mi ò fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí láìjẹ́ pé mo ti kọ ìwọ̀n sínú ìwé. Mo ní ìwé ìwọ̀n mẹ́rìnlá báyìí, gbogbo wọn wà nínú àpótí kan.

Ìwọ̀n àsíá yẹn wà nínú ìkẹtàlá. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà sí àwọn ẹgbẹ́ pé ọkọ̀ ìrànwọ́ tó bá fẹ́ gba ojú omi gbọ́dọ̀ ta àsíá funfun tí àmì róbótó aláwọ̀ ewé wà láàárín rẹ̀ gẹ́lẹ́, kí ó má dín ní yáàdì méjì ní gígùn, kí ó má sì dín ní yáàdì kan àti ìdá mẹ́rin ní fífẹ̀. Nọ́ọ̀sì mú lẹ́tà náà wá, ó kà á fún mi, mo sì tún gbà á kà fúnra mi. Yáàdì méjì jẹ́ ínǹṣì méjìléláàádọ́rin. Mo gé àmì róbótó náà ní ínǹṣì mẹ́rìnlélógún, mo wá fi ínǹṣì mẹ́rìnlélógún sílẹ̀ ní funfun lápá ọ̀tún, mẹ́rìnlélógún lápá òsì. Mo ká etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fa òwú ìlà méjì sí i, nítorí afẹ́fẹ́ òkun kì í pẹ́ tú etí tí a ká lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Akin wá gbà á, ó ní, "Ìyá Bùnmi, èyí ti ju àsíá lọ, aṣọ ìgbéyàwó ni."

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ìjọba sọ. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, olè epo ni wọ́n. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, tí àwòrán Nọ́ọ̀sì lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ti wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọkọ̀ náà ṣèèṣì wà láàárín àwọn olè ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n yí i padà. Wọ́n ní àwọn ọmọ ogun kò lè dá ọkọ̀ náà mọ̀ nítorí pé àsíá rẹ̀ kò tó ìwọ̀n tí òfin sọ. Nítorí náà, Ẹ̀gbọ́n Akin ló ní ẹjọ́ láti jẹ́. Òun ló kó ènìyàn sí ewu pẹ̀lú àmì tí kò bófin mu. Wọ́n sì fi í sí àtìmọ́lé títí ìgbìmọ̀ olùwádìí yóò fi jókòó.

Èmi tí mi ò dé ojú omi rí wá di ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Bí àsíá yẹn bá kúrú lóòótọ́, ọwọ́ mi ló sọ Ẹ̀gbọ́n Akin sí ẹ̀wọ̀n. Mo yọ ìwé kẹtàlá jáde, mo rí i pé méjìléláàádọ́rin ni mo kọ. Síbẹ̀, mo fẹ́ mọ̀ dájú. Téèpù tó bá pẹ́ lọ́wọ́ aránṣọ máa ń fà, á wá máa purọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo fi tèmi wé rúlà onírin tí káfíńtà ìsọ̀ kejì ní. Kò fà rárá.

Ìgbìmọ̀ náà pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ní àkọ́kọ́, a jókòó lórí àga oníke láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, wọ́n wá ní alága kò lè wá mọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, alága wá, ṣùgbọ́n wọn ò mú àsíá wá. Mo béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ pé kí la fẹ́ máa sọ nígbà náà. Ó ní kí n lọ rán òmíràn tó bá a mu wá, kí wọ́n lè fojú rí i. Mo rán an, mo gbé e lọ. Ó wò ó, ó ní, "Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni àsíá ọjọ́ náà."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n rán an."

Ó ní, "Kò lè ṣe ẹ̀rí." Ó ní kí n máa gbé e lọ sílé.

Àsìkò aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ni. Àwọn oníbàárà ń wá, wọ́n ń bá ilẹ̀kùn ní títì. Olùkọ́ tó ni síkẹ́ẹ̀tì dá mi dúró lójú títì, ó ní, "Ìyá Bùnmi, ṣé síkẹ́ẹ̀tì mi náà ń jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ni?" Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò bínú, òun kàn fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n máa dá a sílẹ̀ ni.

Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n mú Ẹ̀gbọ́n Akin wá. Ó ti rù. Ṣẹ́ẹ̀tì ọjọ́ tí wọ́n mú un ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n mú àsíá náà jáde láti inú ọ̀rá dúdú kan. Agbẹjọ́rò àwọn ọmọ ogun tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó wọ̀n ọ́n lójú gbogbo wa. Àádọ́ta ínǹṣì ni. Mo rí i tí Ẹ̀gbọ́n Akin ń wò mí.

Alága ní, "Ìyáàfin, ṣé ẹ̀yin lẹ rán èyí?"

Mo sún mọ́ ọn, mo fọwọ́ tọ́ etí rẹ̀ yí ká. Mo ní, "Èyí tó kù nínú rẹ̀ yìí, èmi ni mo rán an, sà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alága ní, "Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí akọ̀wé bá mi di etí kan mú." Akọ̀wé dì í mú. A ká àsíá náà sí méjì, etí lé etí. "Lẹ́tà ìjọba ní kí àmì wà láàárín gẹ́lẹ́. Tó bá wà láàárín, ó yẹ kí ìlà kíká yìí là á sí méjì ọgbọọgba. Ẹ wo ibi tí ìlà gbà."

Wọ́n wò ó. Ẹ̀gbẹ́ àmì náà ni ìlà gbà. Mo tẹ́ àsíá padà, mo fi téèpù mi wọ̀n ọ́n lójú wọn. Ínǹṣì mẹ́rìnlélógún wà ní funfun lápá òsì. Méjì péré ló kù lápá ọ̀tún.

"Etí mẹ́ta ló ní kíká ẹ̀ẹ̀mejì àti òwú ìlà méjì. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Ẹ̀kẹrin yìí, wọn ò ká a rárá. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e. Ínǹṣì méjìlélógún ló lọ."

Ẹ̀gbọ́n Akin dìde. "Apá yẹn ni ìbọn bà! Ó jó, ó lu! Ibi tí ìbọn bà ni wọ́n gé!"

Alága ní, "Jókòó. A ò tíì pè ọ́."

Agbẹjọ́rò náà kọjú sí mi. "Ṣé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni gé e?"

"Rárá, sà."

"Nígbà náà, ẹ ò lè sọ ẹni tó gé e."

"Mi ò sọ ẹni tó gé e, sà. Mo ní wọ́n gé e."

"Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣàṣìṣe, tẹ́ ẹ rán an bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ránṣọ. Mo ti ṣàṣìṣe rí, mo sì lè kà wọ́n fún yín. Ṣùgbọ́n mi ò tíì fi etí aṣọ sílẹ̀ láìká rí."

Alága yíjú sí akọ̀wé. "Kọ ọ́ sílẹ̀ pé aránṣọ ti sọ tirẹ̀." Ó ní kí n lọ jókòó. Kò sí ẹni tó béèrè ọ̀bẹ. Kò sí ẹni tó béèrè ibi tí àsíá náà ti wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà á. Wọ́n ká a, wọ́n dá a padà sínú ọ̀rá dúdú, wọ́n sì gbé e fún ẹni tó mú un wá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kí ìjọba tó sọ̀rọ̀. Orí rédíò kan náà ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní ó dun ìjọba pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ bí àsíá náà ṣe gùn tó lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ìjọba ti fojú àánú wo awakọ̀, ó sì ti dárí jì í. Wọ́n wá ní láti ìsinsìnyí lọ, àsíá ọkọ̀ ìrànwọ́ gbọ́dọ̀ gùn tó yáàdì mẹ́ta. Mo dúró kí n gbọ́ orúkọ ẹni tó yìnbọn, tàbí ẹni tó ní kí wọ́n yìn ín. Orin ló tẹ̀ lé e. Mo pa rédíò náà. Èjìká ọ̀tún Nọ́ọ̀sì kò gbé sókè mọ́ títí di òní, ọkọ̀ kò padà, ẹni tí wọ́n yìnbọn lù ni wọ́n sì wá dárí jì.

Tí wọ́n bá bi mí ní iṣẹ́ tí mo fi yangàn jù, wọ́n máa ń rò pé aṣọ ìyàwó kan ni mo máa dárúkọ. Etí mẹ́ta yẹn ni. Òkun kò tú u, ìbọn kò tú u, agbẹjọ́rò náà fà á títí, kò tú.

Ní ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Akin wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú lẹ́tà tuntun lọ́wọ́. Ìbátan rẹ̀ kan ti yá a ní ọkọ̀. Nọ́ọ̀sì ti fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ àwọn oògùn tí wọ́n máa gbé lọ. Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo fa téèpù, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí yáàdì mẹ́ta. Ó dúró, ó ń wò mí.

Ó ní, "Ṣé ìyẹn ò ti pọ̀ jù?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, tó bá fi ínǹṣì kan dín, wọ́n á tún mú yín."

"Ó pé nígbà tí wọ́n mú mi. Ẹ rán an bí lẹ́tà ṣe wí, Ìyá Bùnmi, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ẹ má ṣáà sọ fún mi pé torí kí wọ́n lè rí wa ni. Àwọn tó yìnbọn lù wá yẹn, ojú wọn ò fọ́."